Ọ̀gá Tí Kì Í Sin Ẹnikẹ́ni Dé Géètì

Àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Ìgàndó a máa bi mí pé, "Mummy Kẹ́mi, iṣẹ́ wo lẹ ṣe kí ẹ tó fẹ̀yìntì?" Bí mo bá ní àwòrán ni mo ń yà, wọ́n á ní, "Haa, fọ́tò?" Màá ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ inú ara ni èmi ń yà, mi ò ka àtíkè ojú yín sí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá béèrè bóyá owó wà níbẹ̀. Owó wà níbẹ̀, kò kàn pọ̀ ni. Ó rán àwọn ọmọ mi nílé ìwé, ó sì kọ́ ilé tí mo jókòó síwájú rẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ owó parí síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ sún mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Bí mo ṣe dé ìdí rẹ̀ kò ní ìtàn. Mo mọ físíìsì ní ilé ìwé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ́ksíréè, mo lọ. Ìwé tí mo kà kọ́ mi ní orúkọ egungun. Ọ̀gá Àjàgbé ló kọ́ mi níṣẹ́.

Ọ̀gá kò ga, wọn ò sì sanra, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wọ yàrá ẹ́ksíréè ní ilé ìwòsàn ìjọba tí a ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo àwa ọmọṣẹ́ á nà ró ṣánṣán. Sítáàṣì kóòtù funfun wọn le débi pé ó ń dún bí wọ́n bá ń rìn. Ẹnu wọn kì í sinmi. "Abọ́ ni o fẹ́ fọ̀ àbí àyà ni o fẹ́ yà?" "Ta ló ní kí o fi ọwọ́ tútù kan màmá yẹn? Lọ yáná kí o tó padà wá!" Nígbà mìíràn, wọ́n á mú ọ̀kan nínú wa, wọ́n á ní kó dùbúlẹ̀ lórí tábìlì ẹ́ksíréè tó le tó sì tutù, kó má mira títí àwọn yóò fi jẹun ọ̀sán tán. Wọ́n ní ẹni tí kò bá tíì dùbúlẹ̀ níbẹ̀ rí kò lẹ́nu láti sọ fún aláìsàn pé kó má mira. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Èmi wo ẹnu àáké náà dáadáa, mo sunkún, mo sì padà wá lọ́jọ́ kejì.

Òfin wọn tó le jù ni òfin ojú. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwa tí a ń ya àwòrán kọ́ la máa ń sọ èsì. Dókítà kan wà tó ń ka àwòrán, òun ló máa kọ ohun tó rí, dókítà tó rán aláìsàn wá ló sì máa sọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n aláìsàn ò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Kì í wo ẹ̀rọ, ojú ẹni tó ń yà á ló ń wò. Nítorí náà, Ọ̀gá ń kọ́ wa ní ojú. Wọ́n á gbé fíìmù méjì kọ́ síwájú iná, ọ̀kan dára, ọ̀kan burú. Wọ́n á ní kí ọ̀kan nínú wa máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹlòmíràn jókòó bí aláìsàn, kó máa wo ojú ẹni tó ń wo fíìmù. Bí ẹni tó jókòó bá mọ èyí tó burú, ẹni tí ojú rẹ̀ tú àṣírí ni yóò fọ agbada oògùn tí a fi ń fọ fíìmù lọ́jọ́ náà. Mo fọ agbada yẹn títí èékánná mi fi yí àwọ̀ padà. Nígbà tó yá, ojú mi wá dà bí ògiri. Títí dòní, ọkọ mi ṣì ń sọ pé òun kì í mọ ìgbà tí mo bá ń bínú.

Òfin kejì ni pé a kì í sin aláìsàn jáde. A máa kí i, a máa ràn án lọ́wọ́ kó sọ̀kalẹ̀, ẹnu ọ̀nà yàrá la sì máa dúró sí. Èyí kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó bá jẹ́ kí àlejò dá jáde kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo bi Ọ̀gá pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, bí o bá sin ẹnì kan tí o ò sin ẹnì kejì, o ti ka èsì fún àwọn méjèèjì."

Ká sòótọ́, ìwà ọmọlúàbí wa yìí ti kó bá wa rí. Nígbà náà, bí dókítà bá fẹ́ mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ti ràn láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lọ sínú egungun, kò sí ẹ̀rọ kan lọ́dọ̀ wa tó lè wo gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan. Wẹ́wẹ́ là ń yà á: agbárí, ọrùn, ẹ̀yìn, ìhà, ìbàdí, itan. A ó wá fọ àwọn fíìmù náà nínú yàrá òkùnkùn, kí dókítà tò wọ́n pọ̀ bí ẹni ń to aṣọ tó ya. Lọ́jọ́ kan, bàbá kan mú ìyàwó rẹ̀ wá láti Ìṣẹ̀rí-Olófin. Àárọ̀ títí di ọ̀sán la fi yí ìyá náà sọ́tùn-ún, yí i sósì, tòun ti ìrora. Èmi àti Ọ̀gá wà nínú òkùnkùn, a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú fíìmù sílẹ̀, ni bàbá náà bá ṣílẹ̀kùn gbàgà. Ó rí gílóòbù pupa tó ń kìlọ̀ lókè ilẹ̀kùn pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé, ó rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Ó ní òun ò lè máa lọ láìkí wa.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ ò ní ṣiṣẹ́ àṣedànù láéláé!"

Ìmọ́lẹ̀ ti wọlé, gbogbo fíìmù ti bàjẹ́. Mo ní òní ni ayé máa parí. Ọ̀gá dá bàbá náà lóhùn jẹ́jẹ́ pé, "Àmín, bàbá. Ẹ ṣeun." Wọ́n jáde, wọ́n lọ bẹ ìyá náà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì gbé e padà sórí tábìlì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá kọjú sí mi, tí wọ́n bú mi títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ kí n tó débẹ̀ rárá. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ èébú náà ṣá, èmi ni mo sún mọ́ wọn jù.

Iṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Kọ̀ǹpútà gba ipò fíìmù, yàrá òkùnkùn di ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí. Nígbà tí Ọ̀gá fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àwọn àti àwọn dókítà kan dara pọ̀, wọ́n ṣí ilé àyẹ̀wò sí Ẹgbẹ́dá, wọ́n ní kí n wá bá wọn. Ibẹ̀ ni mo ti bá ẹ̀rọ òòfà pàdé, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní MRI. Ihò gígùn kan ni, tí aláìsàn ń dùbúlẹ̀ wọ̀. Ẹ̀rọ á máa pariwo bíi pé àwọn kan ń fọ́ kọnkéré, á sì máa wo ara díẹ̀díẹ̀ láti orí dé itan, bíi wákàtí kan. Bó bá parí, odindi èèyàn á jáde lójú kọ̀ǹpútà. Ibi tí jẹjẹrẹ bá sá pamọ́ sí á yọ dúdú. Ṣùgbọ́n kíndìnrín tí nǹkan kan ò ṣe náà máa ń dúdú, ọpọlọ náà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó kọ́ ọ nìkan ló yẹ kó kà á. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí odindi èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo báyẹn, ìyá Ìṣẹ̀rí ni mo rántí, omi sì bọ́ lójú mi. Ọ̀gá rí mi. Wọ́n ní, "Bí o bá sunkún sórí kíbọ́ọ̀dù yẹn, o máa rà á."

Ó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìntì nígbà tí Ràfíátù wá. Télọ̀ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Ìpájà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, ó kù òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan, Àṣàbí. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n ti yọ jẹjẹrẹ kúrò ní ọmú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń ro ó, dókítà rẹ̀ sì fẹ́ mọ̀ bóyá àìsàn náà ti ràn dé egungun. Bí kò bá tíì ràn, wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ oògùn lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé yóò sàn pátápátá. Bí ó bá ti ràn, oògùn tó ń dín ìrora kù, tó sì ń fún èèyàn ní àkókò díẹ̀ sí i, ló kù. Àwòrán tí a fẹ́ yà ló máa sọ èyí tó jẹ́.

Irin kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá ẹ̀rọ òòfà. Mo ní kó yọ gbogbo irin ara rẹ̀, ó ní òun ti yọ ọ́. Mo fi òòfà kékeré ọwọ́ mi yẹ̀ ẹ́ wò, òòfà náà sì lẹ̀ mọ́ àyà bùbá rẹ̀ pá. Abẹ́rẹ́ ló kún ibẹ̀!

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Mo ti gbàgbé pé irin ni wọ́n."

"Àwọn abẹ́rẹ́ yìí ì bá ṣáájú ẹ wọlé," mo ní. A jọ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá gbọ́ ẹ̀rín náà láti ọ́fíìsì wọn, wọ́n sì jáde láti wá bá wa wí. Wọ́n gbọ́ bí Ràfíátù ṣe ń sọ̀rọ̀, wọ́n dúró. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ọ̀gá náà. Wọ́n bi í ní agboolé rẹ̀, ó sọ ọ́. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohùn obìnrin náà jọ ti àbúrò àwọn tó ti kú, bíi pé òun ló dìde tó ń sọ̀rọ̀.

Ràfíátù dùbúlẹ̀ dáadáa, kò mira. Nígbà tí a parí, Ọ̀gá ṣe ohun tí mi ò rí wọn kí wọ́n ṣe rí. Wọ́n gbé àga fún un. Wọ́n gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n sìn ín gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, wọ́n sìn ín dé géètì, wọ́n bọ́ sí ojú títì, wọ́n dá kẹ̀kẹ́ márúwá dúró, wọ́n sì kìlọ̀ fún onímárúwá pé kó rọra gba inú kòtò. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń kì í ní ọmọ Ajílété, tí wọ́n ń ṣàdúrà pé Ọlọ́run á wà pẹ̀lú rẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní ogbó ti rọ ọkàn Ọ̀gá.

Èsì jáde. Dókítà tó ń ka àwòrán kọ ọ́ pé kò sí ohunkóhun nínú egungun rẹ̀, kò sì ràn dé ibòmíràn. Ẹ̀yìn tó ń ro ó, títẹ̀ba lórí máṣíìnì láti ọjọ́ pípẹ́ ló fà á. Mo yọ̀ nínú mi. A fi èsì ránṣẹ́ sí dókítà rẹ̀, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Kò pẹ́ ni dókítà náà pè wá. Ó ní Ràfíátù kò wá lọ́jọ́ tí òun dá fún un, fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Ó ní oògùn náà ò gbọ́dọ̀ pẹ́ jù. "Bí a bá fi í sílẹ̀ báyìí, ọjọ́ tí yóò padà wá, yóò ti ràn lóòótọ́." Mo ní Ìpájà ò jìnnà sí mi, màá yà wò ó.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní títì. Obìnrin kan ń ta òwú àti bọ́tìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo kí i, mo béèrè Ràfíátù.

"Ìyá Àṣàbí? Haa, ó ti lọ o," obìnrin náà ní. "Ó ní wọ́n ti sọ fún òun níbi tí òun ti lọ yàwòrán."

"Ta ló sọ fún un?"

"Wọn ò kúkú fẹnu sọ ọ́. Ó ní bàbá àgbàlagbà kan, ọ̀gá wọn pátápátá, ló sin òun dé géètì. Ó bá a gbé báàgì, ó dá kẹ̀kẹ́ fún un, ó ń kì í, ó ń ṣàdúrà. Mummy, ẹ wò ó jàre, ọsibítù Èkó yìí náà! Níbi tí wọ́n ti ń jágbe mọ́ ẹni tó ń rọbí. Tí wọ́n bá wá ń ṣìkẹ́ ẹ tó báyẹn, ṣé o ò mọ̀ pé o ti ń lọ ni?" Ó fi ọwọ́ kan máṣíìnì kan tí wọ́n fi aṣọ bò. "Tiẹ̀ nìyí. Ó ní kí n bá òun tọ́jú ẹ̀ de ọmọ òun. Ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ní Àgbàdo. Ó ní òun ò fẹ́ kú sílé onílé."

Ó júwe ilé náà fún mi. Mo padà sí Ẹgbẹ́dá, mo sọ ọ́ fún Ọ̀gá bí mo ṣe gbọ́ ọ. Wọ́n jókòó. Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń nù ún. Wọ́n wá ní, "Àánú mi ló fẹ́ pa á." Àánú tiwọn náà ṣe mí. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí oore kan ṣoṣo tí èèyàn ṣe ní gbogbo ayé iṣẹ́ rẹ̀ bá wá di àṣejù, kí ni kéèyàn pe ìyẹn? Wọ́n pe dókítà. Dókítà ní kí a ṣáà mú un wá, òun fúnra òun ló máa sọ èsì fún un, torí oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ló so mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kejì, mo wa Ọ̀gá lọ sí Àgbàdo nínú ọkọ̀ mi. Ràfíátù wà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Kò rù, ojú rẹ̀ kò wọnú, ó kàn ti gbà pé ó parí ni. Àṣàbí jókòó ti ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé omi fún wa, ó sì lọ sunkún nínú ilé ìdáná.

Ọ̀gá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. "Ràfíátù, ọmọ Ajílété. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."

"Ẹ ṣé, Bàbá," ó ní. "Ẹ tún wá kí mi títí dé Àgbàdo. Àṣàbí, kúnlẹ̀ kí bàbá. Àwọn ni mo sọ fún ẹ."

"Dìde ká lọ rí dókítà, jọ̀ọ́. Kò sí nǹkan kan tó yẹ kó o bẹ̀rù."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń sọ fún bàbá Àṣàbí, títí tó fi kú. Ẹ ti ṣe tiyín, sà. Ẹ jẹ́ n sinmi."

Bí Ọ̀gá ṣe ń rọ̀ ọ́ ló ń sún mọ́ ògiri. Gbogbo pẹ̀lẹ́ tí wọ́n ń kí i, bíi pé wọ́n ń bu yẹ̀pẹ̀ lé e ni. Bí a bá ka èsì sí i létí níbẹ̀, irọ́ ìtùnú ni yóò pè é. Èmi ń wò wọ́n, inú ń bí mi, àánú ń ṣe mí, mo sì rántí gbogbo èébú tí mo ti jẹ lọ́wọ́ bàbá yìí, àti bí èébú náà ṣe ń jẹ́ kí n mọ̀ lójoojúmọ́ pé wọ́n ṣì ń retí nǹkan lọ́dọ̀ mi.

Mo tẹ̀ sí etí wọn. "Ọ̀gá, ẹ bú u."

"Kí ni?"

"Ẹ bú u bí ẹ ṣe máa ń bú wa. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Ọ̀gá dìde, wọ́n na agbádá wọn tọ́. Ohùn tó jáde lẹ́nu wọn, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba. Èmi fúnra mi fò.

"Ìwọ Ràfíátù! Ta ló ní kó o wá sùn síbí? Dókítà dá ọjọ́ fún ẹ, o ò lọ! O pa fóònù! Àgbà bíi tèmi ń wá ẹ kiri Àgbàdo bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù! Ṣé ìwọ nìkan laláìsàn tá a ní ni? Àwòrán tí gbogbo wa fi odindi wákàtí yà, kí lo fẹ́ ká fi ṣe? Ká máa wò ó bíi tẹlifíṣọ̀n? Oníjàngbọ̀n obìnrin! Gbé ara ńlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, mi ò ráyè ìranù!"

Ẹ̀gbọ́n Ràfíátù sáré jáde tòun ti ọmọrogùn lọ́wọ́. Àṣàbí ti dì mọ́ òpó. Ràfíátù yíjú kúrò lára ògiri díẹ̀díẹ̀, ó wo Ọ̀gá.

"Bàbá," ó ní, "èmi lẹ̀ ń bú báyẹn?"

"Ta ni ǹ bá tún bú? Ìwọ náà kọ́ lo pa ọjọ́ dókítà jẹ?"

Ó dìde jókòó. Ó wò mí, mi ò jẹ́ kó rí nǹkan kan kà lójú mi. Ó tún wo Ọ̀gá, tí wọ́n fọwọ́ lé ìbàdí, tí wọ́n ń mí fìn-ìn fìn-ìn. Mo rò pé ẹkún ló máa sun, àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́! Bàbá bú mi o! Wọ́n bú mi dáadáa!"

"Èwo ló wá ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín níbẹ̀?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní.

"Ta ní í bú ẹni tó ń kú lọ?" Ó ti ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà nílẹ̀. "Àṣàbí, gbé gèlè mi wá. Kíá, ẹ má jẹ́ a dá bàbá dúró."

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́, mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí n sọ bó ṣe parí. Dókítà sọ èsì fún un. Ó lo oògùn náà tán, irun rẹ̀ re, irun náà tún hù, ó gba máṣíìnì rẹ̀ padà, òun ló sì rán aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìntì. Iṣẹ́ yìí le, ẹ máa jẹ èébú nídìí rẹ̀, ẹ sì máa nífẹ̀ẹ́ àwọn èèyàn tí ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n rí i lójú yín. Bí ẹ bá lè gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ lọ kọ́ ọ. Ohun tí mo máa ń rántí jù ni bí a ṣe ń bọ̀ láti Àgbàdo. Èmi ni mo ń wakọ̀. Ọ̀gá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí àwọn tó wà lẹ́yìn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Ràfíátù fọwọ́ kan àga wọn láti ẹ̀yìn.

"Bàbá, ṣé inú ṣì ń bí yín sí mi?"

"Gidigidi," ni Ọ̀gá dáhùn, omi sì ń ṣàn lójú wọn dé àgbọ̀n.